Ta Ni Ń Jẹ́ Wọ́n?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn àwọn ẹni ńlá, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹni ńlá fúnra yín, ẹ rọra jókòó, torí ẹni ọ̀rọ̀ bá bá wí kì í pẹ́ kó tó máa yí ìdí lórí àga. Ọkùnrin kan ló kúrò ní ìlú kékeré kan nígbà tó ṣì ń ṣọmọdé, ó lọ di ẹni ńlá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ni ìjọba bá rán an padà sí ìlú kékeré yẹn kan náà pé kó lọ máa ṣe Alábòójútó ibẹ̀. Àwọn tó rán an kò mọ ohun tó wà láàárín òun àti ìlú náà. Òun alára mọ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti parọ́ fún ọkàn rẹ̀ pé ohun téèyàn bá ti gbàgbé, kò ṣẹlẹ̀ rí nìyẹn.

Ọjọ́ tó dé, mọ́tò mẹ́ta ló tẹ̀ léra. Èkíní gbé òun, èkejì gbé akọ̀wé rẹ̀, ẹ̀kẹta gbé àga rẹ̀. Ẹ ò ṣì mí gbọ́, àga ni mo wí. Ó ga, ó ní tìmùtìmù pupa, torí ọ̀gá wa kì í fìdí lé ibi tí ìdí ẹlòmíì bá ti kàn rí.

Èrò ti pé síwájú ọ́fíìsì. Akọ̀wé bọ́ sílẹ̀, ó na ọrùn, ó ké tantan pé:

"Wọ́n ti dé!"

Àwọn èèyàn wo Alábòójútó. Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n tún yọjú wo inú mọ́tò.

"Àwọn ta ni?" ni alápatà béèrè. "Ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń wò yìí."

"Àwọn náà nìyí!" Akọ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ka sí ọ̀gá rẹ̀. "Wọ́n nìyí, wọ́n ti dé!"

"Ó yé mi," ni alápatà wí. "Àwọn yòókù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn."

Kí akọ̀wé tó rí èsì fọ̀, obìnrin kan la àárín èrò kọjá, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Aránṣọ nìyẹn, àbúrò ìyá tó bí Alábòójútó. Òun ló ń wẹ ọkùnrin náà nígbà tí kò tíì lè gbé orí dúró. Ó wò ó látòkè délẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó wá kọjú sí gbogbo ìlú.

"Ẹ wò ó, ó ti dé o! Ọmọ mi ti dé! Ó mà ti sanra!"

Ó! Níwájú alápatà, níwájú akọ̀wé, níwájú àga alára! Alábòójútó rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. Ó wọlé, kò sì jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pe ìlú jọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ gùn, mo ti bá yín gé orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Àyà rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin ará ìlú mi ọ̀wọ́n! Mo ti wò ó, mo ti tún un wò, mo sì ti wo ibi tí mo ti ń wò ó. Mo rí i pé ọ̀wọ̀ ti di ohun àmúṣeré nílùú yìí. Alápatà, ẹ ń pè é ní wọ́n. Káfíńtà, ẹ ń pè é ní wọ́n. Bí gbogbo èèyàn bá ń jẹ́ wọ́n, ta ló kù tó máa jẹ́ ó? Nítorí náà, láti òní lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ wọ́n nílùú yìí. Èmi ni ẹni náà. Ìyá yín, ó. Bàbá yín, ó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lanu pé wọ́n, èmi ló ń wí. Ẹni tó bá fi pe ẹlòmíì, yóò gbá gbogbo àyíká ọ́fíìsì yìí láti ògiri dé ògiri!"

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. "Ọ̀gá," ló wí, "ọgbọ́n fúnra rẹ̀ ló yẹ kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìyá Aránṣọ wá bá a ní ọ́fíìsì. Kò kan ilẹ̀kùn.

"Ṣé o ti lọ sọ́dọ̀ Bàbá Jágogo?"

"Àǹtí, 'ṣé ẹ ti lọ' ni wọ́n ń sọ."

"Ta ni wọ́n tó ń sọ ọ́?" Ìyá Aránṣọ jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní àga. "Mo ní, ṣé o ti lọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn?"

Kò tíì lọ. Kò sì fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, torí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí Alábòójútó wà nílé ìwé, agogo irin kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Alágogo ló ń lù ú láràárọ̀. Ọmọ tó bá ṣì wà lẹ́yìn géètì nígbà tí agogo bá dákẹ́ ti pẹ́ nìyẹn, yóò sì gé koríko. Ọ̀gá wa yìí, nígbà náà lọ́hùn-ún, kò mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn tètè dé. Ó gé koríko títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ló bá ronú ọgbọ́n kan tó bá orí rẹ̀ mu, pé bí kò bá sí agogo, kò lè sí ẹni tó pẹ́. Ó jí agogo gbé.

Ọ̀gá ilé ìwé bá a lẹ́bàá ibi tí agogo wà tẹ́lẹ̀. "Agogo dà?"

"Wọ́n jí i, sà," ni ọmọ náà dáhùn.

Ẹ̀yin náà gbọ́ èdè wa. Bí èmi àti ẹ̀yin bá ní wọ́n jí nǹkan, ohun tá à ń sọ ni pé nǹkan ti sọnù, a ò sì mọ ẹni tó gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé gbà pé bí ọmọ tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ bá ní wọ́n, àgbà kan ló ń tọ́ka sí. Àgbà kan ṣoṣo ló sì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, Bàbá Alágogo, tó ń wá agogo rẹ̀ kiri tòun ti òógùn lójú.

"Ṣé àwọn wọ̀nyí ni?" Ọ̀gá ilé ìwé tọ́ka sí i.

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn wo ilẹ̀, iṣẹ́ Bàbá Alágogo sì bọ́.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti yí padà. Bàbá Alágogo di Bàbá Jágogo, bàbá tó jí agogo. Ó ń ran bàtà tó já níwájú ilé rẹ̀. Kò gba ọ̀nà ilé ìwé mọ́. Bó bá ń lọ sí ọsibítù pàápàá, ẹ̀yìn ìlú ló máa ń gbà yípo. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin padà lẹ́yìn ọmọ náà, àwọn òbí rẹ̀ ní àwọn ò lè fi ọmọ olè ṣe aya. Mo ń fi ìtàn yìí ṣeré o, ṣùgbọ́n ibi tí mo dé yìí kò pa mí lẹ́rìn-ín.

"Òjò tó kọjá ṣí òrùlé ilé ìyá rẹ," ni Ìyá Aránṣọ ń wí. "Káfíńtà gun òkè àjà. Ṣé kí n sọ ohun tó gbé sọ̀ kalẹ̀?"

Alábòójútó dìde, ó ti fèrèsé pa.

"Abẹ́ maṣíìnì mi ni mo gbé e sí. Mo da aṣọ bò ó, mo sì bẹ káfíńtà kó panu mọ́, torí mo gbọ́ pé ò ń bọ̀. Ẹnu rẹ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, ẹnu rẹ náà ni mo fẹ́ kó ti padà. Bàbá yẹn ti darúgbó, àyà ń dùn ún. Lọ bá a, kúnlẹ̀, sọ òótọ́, kí ìlú lè tún pè é lórúkọ rẹ̀ kó tó kú. Tó o bá ṣe é, ọmọ mi, èmi náà á pè ọ́ ní wọ́n, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá mú mi."

Ẹ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀ gbayawu fún èèyàn kan! Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa gbé àgbọ̀n sókè.

"Àǹtí, Ọ̀gá Àgbà ń bọ̀ láti olú ìlú. Wọ́n fẹ́ gbé mi ga sí i. Ẹni tó ń jẹ́ wọ́n kì í kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń jẹ́ ó. Màá ra agogo tuntun fún ilé ìwé, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀."

Ìyá Aránṣọ dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Mo gbọ́."

Ẹ̀yin tí ìyá tọ́ mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn "ó dáa, mo gbọ́". Alábòójútó ti gbàgbé.

Àṣẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ojúlé mẹ́fà pawọ́ pọ̀ wá síwájú ọ́fíìsì, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.

"Kí lẹ fẹ́?" akọ̀wé béèrè.

"Wọ́n mú iná lọ," ni wọ́n wí. "Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà."

Bó ṣe di pé alápatà wá fẹjọ́ sùn nìyẹn, pé wọ́n gbé ẹsẹ̀ màlúù lórí tábìlì òun, wọ́n ò sì dágbére. Obìnrin kan tó wá gba ìwé ọjọ́ orí bá akọ̀wé fa wàhálà gidi. Akọ̀wé ní, "Níbo ni wọ́n bí ẹ sí?" Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Wọ́n bí mi kẹ̀? Ọkùnrin ni wọ́n, ọjọ́ orí wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyá mi ló bí mi o!"

Èyí tó wá pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín ni ti olùkọ́ kan tó gbàgbé ara rẹ̀ nípàdé. Ó ní ọ̀gá àwọn nílé ìwé kò lè wá, pé wọ́n ti lóyún, ọmọ inú ń ta wọ́n nípàá láti àárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti kárí pé Wọ́n ti lóyún. Àwọn ìyá ń béèrè bóyá Wọ́n ti ń jẹun dáadáa. Ìyá Aránṣọ rán fìlà ọmọ tuntun méjì, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì, bóyá ìbejì ni.

"Kí ni èyí?" Alábòójútó gbé fìlà náà sókè.

"Ìfẹ́ ni, ọ̀gá," akọ̀wé dá a lóhùn kíákíá. "Ìlú ń wo ọjọ́ iwájú yín."

Ọ̀gá wa gbà á gbọ́. Ẹni tí ìyìn bá ti bò lójú, fìlà ọmọ jòjòló pàápàá, adé ló máa rò pé ó jẹ́.

Agogo tuntun dé. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò gba ẹnu géètì ilé ìwé kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n pààrọ̀ agogo. Alábòójútó ní kí wọ́n wó géètì. Wọ́n wó géètì, kò tó, wọ́n wó ògiri mọ́ ọn. Orúkọ rẹ̀ wà lára agogo náà níwájú, lẹ́yìn, àti nínú, kí aláǹgbá tó bá wọ ibẹ̀ lè mọ ẹni tó gbà á lálejò.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Gbogbo ìlú wà lábẹ́ àtíbàbà ní ọgbà ilé ìwé, àfi Bàbá Jágogo. Alábòójútó wọ kóòtù dúdú, ó jókòó sórí àga pupa rẹ̀. Mọ́tò Ọ̀gá Àgbà yọ. Obìnrin kúkúrú kan ló sọ̀ kalẹ̀, ó ti darúgbó díẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ga ju ti ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá.

Akọ̀wé gbé máìkì. Ẹ bá mi káàánú akọ̀wé. Bó bá ní wọ́n, ó ti rú àṣẹ, ọ̀gá rẹ̀ sì ti ń wò ó kòrókòró. Bó bá ní ó... Òógùn bò ó. Àṣẹ borí.

"Ọ̀gá Àgbà, ó ti dé! Ẹ dìde fún un! Ó ń bọ̀! Ó... ó ti fẹ́ jókòó! Ó ti jókòó!"

Obìnrin náà yíjú sí akọ̀wé.

"Ọmọ mi, ṣé ẹgbẹ́ ni èmi àti ìwọ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Àṣẹ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ wọ́n nílùú yìí, mà. Ọ̀gá mi ni."

"Àwọn nìkan?"

"Àwọn nìkan, mà."

"Ó dáa," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Mo gbọ́."

Alábòójútó kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀ gígùn, ó ṣí aṣọ lójú agogo tuntun. Àtẹ́wọ́ sọ. Ọ̀gá Àgbà wo agogo náà, ó wo ògiri tó wó, ó wá béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìjókòó láìgbé ohùn sókè pé:

"Ilé ìwé yìí ti pẹ́. Agogo tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Àwọn ọmọ ilé ìwé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí àwọn òbí wọn ṣe ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ṣe fi ohùn kan dáhùn:

"Wọ́n jí i!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn èrò. Ẹ̀rín ràn bí iná inú koríko gbígbẹ.

"Ta ló jí i?" ni Ọ̀gá Àgbà tún béèrè.

"Wọ́n!"

"Àbí mi ò gbọ́ dáadáa ni? Ẹni mélòó ló ń jẹ́ wọ́n níbí?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni!" ni alápatà ké láti ẹ̀yìn. "Àṣẹ wà lára ògiri ọ́fíìsì!"

Alábòójútó fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Irọ́ ni! Wọ́n tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe wọ́n tí èmi ń jẹ́! Wọ́n yìí kàn jẹ́ wọ́n lásán ni! Wọ́n kan ni!"

"Ewo gan-an ni wọ́n?" ni obìnrin náà béèrè, jẹ́jẹ́.

"Èmi kọ́! Èmi kọ́ ni wọ́n!" Ó já máìkì gbà lọ́wọ́ akọ̀wé. "Mo fagi lé àṣẹ náà! Ẹ gbọ́ mi dáadáa! Láti ìsinsìnyí lọ, mi ò jẹ́ wọ́n mọ́! Ó ni kí ẹ máa pè mí! Ó!"

Ìgbà yẹn ni Ìyá Aránṣọ dìde láàárín èrò. Ó gbé ẹrù kan tó fi aṣọ wé mọ́ra bí ọmọ ọwọ́.

"Ṣé a lè máa pè ọ́ ní ó báyìí?"

"Ẹ lè máa pè mí, Àǹtí! Ẹ pè mí!"

"Ó dáa." Ó tú aṣọ náà, ó gbé agogo irin àtijọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. "Ó jí i."

Ẹ̀rín dá. Àwọn àgbà tó mọ agogo náà dìde dúró.

"Àjà ilé ìyá rẹ ló wà," ni Ìyá Aránṣọ wí, omi sì ti ń bọ́ lójú òun náà, torí ọmọ rẹ̀ náà ni, ohun yòówù kó dà. "Wò mí lójú. Ta ló gbé e síbẹ̀?"

Alábòójútó wo ilẹ̀. Bó ṣe wò ó lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ló tún ṣe wò ó, kò sì sí ẹni tó nílò ẹ̀rí mìíràn.

Ọ̀gá Àgbà kò pariwo. Ó béèrè ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn agogo náà kàn, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dìde, ó ní kí awakọ̀ òun gbé àga pupa sínú mọ́tò, torí ohun ìní ìjọba ni. Àga lọ, ẹni tó ń jókòó lé e kò bá a lọ. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ìròyìn ti jáde lórí rédíò, alápatà sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò lọ́rọ̀ mẹ́ta péré:

"Wọ́n yọ Wọ́n."

Ìyá Aránṣọ gbé agogo lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. "Ọ̀nà ibẹ̀ kò yí padà," ló wí.

Ó gbé e gba àárín ìlú kọjá. Agogo náà kò ní ìtìjú kankan; bí ọkùnrin náà bá ti gbé ẹsẹ̀, ó dún; bó bá tún gbé ẹsẹ̀, ó tún dún. Àwọn èèyàn ń jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbìyànjú láti fi kóòtù rẹ̀ dì í, agogo ṣì ń dún lábẹ́ kóòtù.

Bàbá Jágogo ń ran bàtà lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ ohùn agogo yẹn kí ẹni tó gbé e tó yọ, abẹ́rẹ́ sì ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé agogo kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀.

"Èmi ni, bàbá. Èmi ni mo jí i. Èmi náà ni mo ní wọ́n jí i."

Bàbá náà na ọwọ́, ó fi ìka tọ ẹnu agogo yíká, bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ kan ojú ọmọ tó ti rìnrìn àjò.

"Ọmọ mi wà nínú ilé," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kò tíì délé ọkọ. Ìyẹn kò ṣeé gbé kalẹ̀ níwájú mi bí agogo yìí."

"Mo mọ̀, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

"O pẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Mo ní o pẹ́. Kí ni ẹni tó bá pẹ́ máa ń ṣe?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ojú bàbá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lé e lọ.

"Ó máa ń gé koríko, sà."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn tó ń kọjá rí ẹnì kan nínú ọgbà ilé ìwé tó ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún, àdá lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn lójú rẹ̀. Akọ̀wé, tó ti ń wá ọ̀gá tuntun tó máa yìn, ń kọjá lọ. Alápatà bi í pé, "Kí ni ọ̀gá yín ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Akọ̀wé kò dúró. "Ó ń gé koríko," ló wí.

Agogo ńlá ṣì wà lábẹ́ àtíbàbà, kò sí ẹni tó lè gbé e kọ́. Ti àtijọ́ ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní àyè rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé pé jọ, àwọn òbí pẹ̀lú wọn, gbogbo wọn ń wo ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń gé koríko ló kọ́kọ́ rí arúgbó kan tó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin mú, tó ń gba ojú ọ̀nà ilé ìwé bọ̀, tó sì ń rọra gba ibi tí géètì wà tẹ́lẹ̀ wọlé. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi àdá sílẹ̀.

"Wọ́n ti dé," ló wí.

Kò sí ẹni tó wo ẹ̀yìn bàbá náà láti mọ àwọn tó kù.